Àbùlẹ̀ Bàbá Rísì

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ayọ̀ ńlá ni! Òní ni ọ̀gá mi kọ́kọ́ jẹ́ kí èmi fúnra mi rán àwọ̀n tí a fi ń dí ojú ìpá mọ́ aláìsàn nínú.

Bàbá Rísì ni, télọ̀ kan ní àdúgbò Apakun tí ìpá wọn tún padà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní àwọn ò ṣe iṣẹ́ abẹ kankan mọ́. Mo wá ya ìsàlẹ̀ ikùn sórí bébà fún wọn: awọ, ọ̀rá, ẹran, àti ibi tó ti fẹ́lẹ́ lókè itan, tí ìfun ń gbà yọ.

Wọ́n wò ó títí. "Dókítà, àwọn tó kọ́kọ́ rán an ló fà á pọ̀ jù. Tí ẹ bá fa aṣọ tó ti gbó pọ̀, tí ẹ rán an, ẹ̀gbẹ́ òwú ló máa ti ya. Àbùlẹ̀ ló ń fẹ́."

Mo ní àbùlẹ̀ gan-an ni àwọ̀n wa. Bí wọ́n ṣe gbà nìyẹn.

Lónìí, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó ń pa ìsàlẹ̀ ara nìkan kú la fún wọn, wọn ò sùn. A là á, ẹ̀gbẹ́ òwú àtijọ́ ló ti ya lóòótọ́! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo.

Ìtara wá ń gùn mí, mo ń fa òwú tèmi le kó lè dúró. Ọ̀gá ní, "Rọra."

Ni ohùn Bàbá bá jáde lẹ́yìn aṣọ tí a ta síwájú ojú wọn: "Má fà á le, ọmọ mi."

Ọmọ mi! Èmi tí mò ń jẹ́ dókítà lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Mo tú u, mo tún un rán. Ó jókòó bí aṣọ ọdún.