Kẹ̀kẹ́ Oníná Tí Mi Ò Tíì Gùn

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá 2025
Kẹ̀kẹ́ oníná: kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí bátìrì ń ran ẹsẹ̀ ẹni tó ń gùn ún lọ́wọ́. Kò mu epo, kò pariwo. Mo fẹ́ ra ọ̀kan, àkọ́rà mi. Mi ò wa mọ́tò mọ́ láti oṣù kẹsàn-án: ojú òsì mi ò rí ẹ̀gbẹ́ mọ́. Èmi, dókítà ojú. Mùínàt ìyàwó mi nìkan ló mọ̀. Fún àwọn yòókù, mo ní epo ló wọ́n.

Ọjọ́rú, 5
Àlejò ni mo ń pe àìsàn ojú mi yìí nínú ìwé yìí. Bó ṣe ń ṣe é nìyí: omi inú ẹyinjú ò rí ọ̀nà jáde dáadáa, ó ń pọ̀ sí i, agbára rẹ̀ ń pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í dunni. Èyí tó bá lọ ò ní padà. Oògùn kàn ń dá ìyókù sí ni.
Ilé sí ilé ìwòsàn wa ní Addo — kìlómítà méjì. Díẹ̀díẹ̀ ni màá máa lọ. Bó bá jẹ́ aláìsàn mi ló bi mí, màá ní kó fẹsẹ̀ rìn.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mùínàt tún béèrè: ṣé mo ti sọ fún Ìsmáílà àbúrò mi? Inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ni Àlejò ń gbà wọlé. Gbogbo aláìsàn ni mo ń sọ fún pé kí wọ́n kó ọmọ ìyá wọn wá fún àyẹ̀wò. Ọdún méjì rèé tí mo ti mọ̀, mi ò tíì pe àbúrò mi. Ó ń wa tírélà ní Free Zone, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ó máa ń fi mí yangàn. Mi ò fẹ́ kó máa káàánú mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Ṣọ́ọ̀bù Akínọ̀ṣọ́, ní Addo. Ìsmáílà bá mi lọ. Mo yẹ bíréèkì wò, mo yẹ bátìrì wò, mo béèrè ìwé rẹ̀. Akínọ̀ṣọ́ ní, "Dókítà, kẹ̀kẹ́ lẹ fẹ́ rà, kì í ṣe pé ẹ fẹ́ fọmọ fún un." Ìsmáílà ní tí n bá ra ìṣáná, màá ka igi inú ẹ̀.
Ó ní kí òun bá mi gùn ún wò. Ó yí àgbàlá ká. Ó gbá jẹnẹrétọ̀ lápá ọ̀tún. Ó tún yí ká — ó tún gbá a. Akínọ̀ṣọ́ ní, "Ọ̀gá onítírélà, ṣé kẹ̀kẹ́ ló wá fẹ́ borí yín?" Ìsmáílà ní wọ́n gbé e síbi tí kò yẹ ni. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.
Jẹnẹrétọ̀ tó ga dé àyà, lápá kan náà, lẹ́ẹ̀mejì. Mo sanwó.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Kẹ̀kẹ́ wà ní bárándà. Mo pe Ìsmáílà: kó má lọ síbi iṣẹ́ lọ́la, kó wá bá mi ní ilé ìwòsàn.

Ọjọ́ Ajé, 10
Ìfúnpá ojú Ìsmáílà, agbára omi inú ẹyinjú rẹ̀: ọ̀tún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, òsì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Kò yẹ kó kọjá mọ́kànlélógún. Ìdajì ohun tó yẹ kí ojú ọ̀tún máa rí ti lọ. Mo ṣàlàyé fún un ní sùúrù, bí mo ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn. Mo ní kò gbọdọ̀ wa tírélà mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ti ojú tèmi.
Ó ní, "Láti ìgbà wo, ẹ̀gbọ́n mi?"
Ọdún méjì.
Kò pariwo. Ó bi mí bóyá èyí tó lọ yìí ti lọ nígbà náà. Mo ní bóyá díẹ̀. Ó gba oògùn, ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Fàúsátù, àbúrò wa obìnrin, ló kù. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí i nìyí, mo kọ ọ́ síbí fún ẹnikẹ́ni tó bá kàn: Bí ọmọ ìyá rẹ bá ní àìsàn yìí, lọ wọn ìfúnpá ojú rẹ lọ́sẹ̀ yìí, ojú méjèèjì. Má dúró dìgbà tó bá dùn ọ́.