Akínbọ́lá Ọláòṣebìkan, Ẹni Tó Kọ́ Wa Láti Sá

"Kí ló dé tí Akínbọ́lá kò sá?" Ìyá rẹ̀, Màmá Dọ́káàsì Ọláòṣebìkan, ló bi àwa akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí a gbé ìròyìn náà délé. Gbogbo wa tí a wà ní pálọ̀ la wolẹ̀.

Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1983 ni a bí Akínbọ́lá Stephen Ọláòṣebìkan ní Ìdímù. Olóògbé Charles Ọláòṣebìkan, gbẹ́nàgbẹ́nà ọmọ bíbí Ìkirun, ni bàbá rẹ̀. Akínbọ́lá ni àkọ́bí. Ìdímù ló ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ eré ìdárayá ní 2007. Láti ìgbà náà ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré sísá ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Baruwa. Ní 2011, ó gbé Mojísọ́lá níyàwó ní ìjọ Áńgílíkà tó ti ń kọrin láti kékeré.

Ní 2015, àwọn méjì lórí ọ̀kadà já báàgì Mojísọ́lá gbà ní Ìkọ̀tún. Kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Wọ́n wọ́ ọ nílẹ̀ títí eyín rẹ̀ méjì fi yọ. Aṣọ ọmọ àti ìwé orin ló wà nínú báàgì ọ̀hún. Inú ìbínú yẹn ni olóògbé ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè dáàbò bo ara wọn ní ìgboro, ní àárọ̀ Sátidé, ní pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀fẹ́ ni. Mùsùlùmí ń wá, Kírísítẹ́nì ń wá. Kóòṣì ni wọ́n ń pè é.

Àwọn tó rò pé ìjà làwọn wá kọ́ máa ń bínú, nítorí kò sí ẹ̀ṣẹ́ nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. "Ju fóònù sí ọ̀tún, kí ìwọ sá gba òsì. Wọ́n ń ta fóònù ní Ìkọ̀tún. Wọn kì í ta ẹ̀mí." Ẹ̀kọ́ kejì: bí wọ́n bá di ọrùn-ọwọ́ rẹ mú, ibi àtàǹpàkò wọn ni kí o ti yọ ọ́. Ẹ̀kọ́ kẹta: má kàn pariwo fún gbogbo ayé, yan ẹnìkan, fi aṣọ ọrùn rẹ̀ pè é. Àdíját, aránṣọ ní Ìgàndó, ń jẹ́rìí pé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ yẹn ló jẹ́ kí òun wà láyé. Wọ́n yọ ọ̀bẹ sí i ní Ẹ̀gbẹ́dá ní 2022. Ó ju báàgì, ó sì sá débi pé bàtà bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣubú lé Kóòṣì lẹ́sẹ̀ ní pápá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò tó nǹkan. Láti ìgbà náà, Àdíját ló ń ṣáájú eré sísá. Kóòṣì á dúró, fèrè á wà lẹ́nu rẹ̀. Bí a bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre, àgbà ti ń dé." Bó bá wá kí ìyá rẹ̀, kò dọ̀bálẹ̀ mọ́, ó kàn ń tẹríba lórí ìdúró. Èyí dun Màmá dọ́kàn. "Akínbọ́lá, ṣé Kóòṣì tí wọ́n ń pè ọ́ yìí ló gùn ọ́ lórí?" Ó tún rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà kò tán láàárín wọn títí ó fi lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ní aago méjì ọ̀sán, àwọn méjì dá a dúró ní ibùdókọ̀ Pleasure. A mọ bó ṣe lọ nítorí ẹnìkan ya fídíò rẹ̀. Ó ju fóònù sí ọ̀tún bó ti kọ́ wa. Ọ̀kan lọ mú un. Èkejì, tó mú àfọ́kù ìgò dání, kò kúrò. Ọ̀nà òsì ṣófo gbayawu. Akínbọ́lá gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó dúró, ó nawọ́ síwájú: "Bọ̀ọ̀dá aláṣọ búlúù, ẹ gbà mí o!" Aláṣọ búlúù yẹn ló ń ya fídíò.

Àfọ́kù ìgò náà ni wọ́n fi gún un; olóògbé dákẹ́ kí wọ́n tó gbé e dé ilé-ìwòsàn. Àwọn tó wo fídíò náà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Kóòṣì fẹ́ ṣe akin. Ìgbéraga ló pa á." Wọ́n fi ẹ̀rín sí i. Ẹni tó bá kọ irú rẹ̀, tó sì jókòó síbi ìsìnkú yìí lónìí, kó ka èyí tó kù.

Ó fi ìyá sáyé lọ, àti aya, àti ọmọbìnrin méjì, Ṣeunfúnmi àti Olúwapẹ̀lúmi, pẹ̀lú àbúrò kan ṣoṣo, Olúdayọ̀. Kò rí ọmọ-ọmọ. Wọn kò jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Òbí kì í rí sàárè ọmọ, ìdí nìyẹn tí Màmá kò fi sí láàárín wa. Olúdayọ̀ ló gbé àwòrán ojú ìwé àkọ́kọ́ yìí lọ fún un, kó lè fọwọ́ sí i. Gbogbo wa la yàn án, nítorí ìfẹ́ tí a rò pé a rí nínú rẹ̀: Kóòṣì láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lé èjìká Zikrullah, ọ̀kan nínú wọn. Màmá, tí làkúrègbé ti ń bá orúnkún rẹ̀ jà fún ọdún mẹ́wàá, wò ó títí. Ó ní kí Olúdayọ̀ kó àwọn yòókù wá. Nínú gbogbo àwòrán láti 2024, ọwọ́ Akínbọ́lá wà léjìká ẹnìkan, gìgísẹ̀ òsì rẹ̀ kò sì kan ilẹ̀. Màmá di apá àga mú, ó dìde, ó sì dúró bí ọmọ rẹ̀ ṣe dúró gẹ́lẹ́.

"Orúnkún ọmọ mi ni," ó wí. "Kò lè sá."

Ẹ padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ẹ wò ó.

Sùn re o, Kóòṣì. Màmá ní ká sọ fún ọ pé gbogbo ìkíni tí o kí òun lórí ìdúró, òun ti gbà á.