Awò Gígùn Tí Lazarus Dá Padà Fún Mi

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Abúlé Òkúta,
                                        Bàrígà, Èkó.
                                        Ogúnjọ́ oṣù Kẹjọ, 1958.

Bọ́dúndé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Tabitha ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ara Bàbá ti mókun díẹ̀ lẹ́yìn ibà ọjọ́sí? Òjò Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́, ṣé ó ń jẹ́ kí o ráyè sá fótò rẹ gbẹ? Tiwa níbí, ọpẹ́ ni. Rebecca ìyàwó mi ń ta ẹja rẹ̀ létí omi, ara àwọn ọmọ sì le.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Omi bọ́ lójú mi níbi tí o ti ní kí n mọ́kàn le, pé bí ojú bá tilẹ̀ ń ṣókùnkùn, kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ kí a jọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. O ṣeun. Ṣùgbọ́n ojú mi kò fọ́, Bọ́dúndé. Nǹkan kan kò ṣe ojú mi. Mo mọ ẹni tó kọ̀wé bẹ́ẹ̀ sí ọ, ọ̀rọ̀ ẹni náà ni mo sì fẹ́ bá ọ sọ.

Mo ti sọ fún ọ nípa awò kámẹ́rà gígùn tí mo rà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé, èyí tó ń fa ohun tó wà lókèèrè súnmọ́ni. Nígbà Lẹ́ńtì, Lazarus wá yá a. Lazarus tiwa náà ni o, tí àwa mẹ́ta jọ kọ́ṣẹ́ fótò lọ́dọ̀ Ọ̀gá Fọlọ́runṣọ́ ní Ọbáníkòró, tí a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Ó ní òun fẹ́ fi ya eré bọ́ọ̀lù kan. Lọ́jọ́ kẹta ó dá a padà, ó fi áńkáṣíìfù funfun wé e, ó dúpẹ́, ó lọ.

Nígbà tó di Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, àwọn apẹja wa fi ọkọ̀ ṣeré ìje lórí ọ̀sà. Bàbá Adéjìmí, olórí wọn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya fótò òun rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Lọ́jọ́ náà ló pè mí, ó ní, "Japhet, ìgbà ìkẹyìn tí màá di àjẹ̀ mú nìyí. Yà mí." Ọkọ̀ ti jìnnà sétí omi, ni mo bá fi awò gígùn náà sẹ́nu kámẹ́rà, mo gbé e lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo ya mẹ́jọ. Lazarus dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wò mí. Ó tilẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Mo fọ fíìmù náà, kò sí ẹyọ kan tó mọ́. Gbogbo rẹ̀ ṣe bàìbàì bí ẹni ń wo ènìyàn láàárín èéfín. Mo rò pé ọwọ́ mi ló gbọ̀n. Mo tún rò pé ọ̀rinrin ọ̀sà ló bo jígí, mo nù ún, mo lọ ya nǹkan mìíràn, bákan náà ni. Ìgbà tó yá, ojú ara mi ni mo ń fura sí pé kò rí òkèèrè dáadáa mọ́, torí ojú náà la fi ń wò bí a ti ń yí awò títí àwòrán á fi mọ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ, Bàbá Adéjìmí sùn, kò jí mọ́.

Lazarus ni mo sọ fún. Ó káàánú mi. Òun ló mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ojú, ó di ọwọ́ mi mú sọdá ọ̀nà Ìkòròdú ní Onípànù bí ẹni ń fa afọ́jú. Orí bẹ́ǹṣì kan náà la jókòó sí láàárọ̀ títí di ọ̀sán, ó ra ẹ̀pà fún mi. Dókítà bo ojú mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n ka lẹ́tà ara ògiri, mo kà á dé èyí tó kéré jù. Ó ní kí n máa lọ sílé, nǹkan kan ò ṣe mí. Bí a ti ń bọ̀, Lazarus ní, "Dókítà náà kò mọ gbogbo nǹkan." Mo gbà á gbọ́. Gbogbo ẹni tó bá wá pè mí síbi eré ìje tàbí ìsìn ìta gbangba, ẹnu ara mi ni mo fi ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ Lazarus ní Ṣómólú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dókítà yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn ràn dáadáa, mo lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ògiri, mo gbé kámẹ́rà lé tábìlì, mo fi àpò iyanrìn tì í, okùn ni mo fi tẹ̀ ẹ́ kí ọwọ́ mi má kàn án. Mo kọ́kọ́ fi awò kékeré yà á: gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ló ṣeé kà. Mo wá fi awò gígùn yà á nígbà mẹ́sàn-án, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀: bàìbàì ni gbogbo ẹ̀. Ojú kan náà, ọwọ́ kan náà. Mo gbé awò náà, ó di ọ̀dọ̀ Moshood, ọkùnrin Ọ̀yọ́ tó ń tún aago ṣe ní Onípànù.

Ó wò ó pẹ́. "Fótò, ta ló ṣí awò yìí?"

"Kò sẹ́ni tó ṣí i."

"Ẹnì kan ṣí i. Wò ó bó ti ha á níbí. Ó sì fi ẹ̀yìn jígí kan síwájú."

Ó yọ jígí náà, ó yí i padà. Mo fi awò náà wo òdìkejì títì, mo rí yẹtí létí obìnrin kan kedere. Ó yẹ kí n yọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn èmi, ẹnì kan ṣoṣo ló gbé awò yẹn jáde nílé mi rí.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo bá Lazarus ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò jiyàn.

"Ó bọ́ lọ́wọ́ mi ni. Jígí inú ẹ̀ tú. Mo tò ó padà bí mo ti mọ̀ ọ́n."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo rò pé wàá rí i fúnra ẹ lọ́jọ́ yẹn."

"Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde ńkọ́? Ṣebí o dúró tì mí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí nu kámẹ́rà orí tábìlì rẹ̀.

"O wá kọ̀wé sí Bọ́dúndé pé ojú mi ti lọ."

"Àwọn èèyàn ló ń bi mí pé kí ló ṣe fótò rẹ. Kí ni kí n wí?"

Bọ́dúndé, ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Bí awò ṣe bà jẹ́ kò dùn mí tó ti bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn yẹn. Ó jókòó níbẹ̀, ó ń bó ẹ̀pà fún mi, ó sì mọ̀.

Mo lọ bá Màmá Sabina, opó Bàbá Adéjìmí. Ọ̀kan nínú àwọn fótò eré ìje náà wà lára ògiri rẹ̀ nínú férémù. Ọkùnrin méje ló wà nínú ọkọ̀, ojú ẹnikẹ́ni kò hàn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Màmá ní, "Dìde, ọmọ mi. Èmi mọ èyí tí í ṣe ọkọ mi. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ní kí wọ́n fi í hàn mí, kálukú ń nawọ́ sí ẹni tó wù ú."

Àwọn alàgbà ìjọ ti bá Lazarus bẹ̀ mí, mo sì ní mo ti gbọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó na ọwọ́ sí mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Japhet, ṣé kò sí nǹkan láàárín wa mọ́?" Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo ní kò sí. Láti ọdún tí a ti jọ wà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo purọ́ fún un.

Bá mi kí Bàbá, kí o sì sọ fún Tabitha pé Rebecca á fi ẹja gbígbẹ ránṣẹ́. Bí o bá tún gbọ́ nǹkan nípa mi, èmi ni kí o kọ́kọ́ bi.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,
Japhet Ikúmápàyí.