Ta Ló Fọ́ Ìléru Wa?

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ọkọ̀ tó ń kó èèyàn sọdá odò ti dákẹ́. Orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló là. Awakọ̀ gbé e wá sẹ́yìnkùlé wa nínú àpò, ojú ẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà ò ṣe irú ẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ń gbé òdìkejì odò. Àwọn aboyún wà ní ìhà tiwa. Ọ̀gá yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tó ti là. "A máa dá òmíràn," wọ́n ní.
Ọ̀gá ni bàbá mi. Láti ìgbà tí mo ti ń bá wọn fín ẹwìrì ni mi ò ti pè wọ́n ní bàbá mọ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta
Mo gbẹ́ àwòṣe igi rẹ̀ tán. Ó jọ ojúlówó bí ìbejì. Ọwọ́ mi bó. A tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí yanrìn.
Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin yọjú — Ọ̀gbẹ́ni Ìmọ́tótó, aláṣọ funfun. Ó fi áńkáṣíìfù bo imú. Ó ní ó tó kí Bàbá sinmi, ká wó ìléru, ká gbin òdòdó síbẹ̀. Òdòdó o. Èéfín tó ń sá fún yìí ló rán an níwèé.

Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta
A dà á. Alumíníọ̀mù ara àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ la yọ́. Èmi ń wo ẹnu àpótí yanrìn, Ọ̀gá di ẹmú mú, wọ́n tẹ ìkòkò. Ọ̀gbẹ́ni Ìmọ́tótó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá.
Nígbà tí a tú yanrìn, orí náà kún fún ihò bí afárá oyin. Ọ̀gá ní yanrìn ló tutù jù. Èmi ni mo po yanrìn. Kò tutù jù. Mo gbà bẹ́ẹ̀ ṣáá.

Àìkú, 9 Oṣù Kẹta
Ẹ̀gbọ́n mi àti Ọ̀gá tilẹ̀kùn sọ̀rọ̀. Mo débẹ̀, wọ́n dákẹ́.

Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹta
Ìléru ti di òkìtì. Mo lọ ra èédú, mo dé, mo bá a bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe é ò kánjú — òòlù ló fi fọ́ ọ, bíríkì kọ̀ọ̀kan.
Ọ̀gá wà ní yàrá, wọ́n kọjú sí ògiri. Mo bi wọ́n ta ló ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ló jáde wá. "Èmi ni," ó ní. Bẹ́ẹ̀ péré, bí ẹni tó ní òun ló jẹ ẹran tó kù nínú ìkòkò.
Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní "ìwọ". Lójú ẹ̀. "Ìwọ tí o ò lè gbé garawa omi láìsinmi, ìwọ lo rí agbára fọ́ iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ." Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo ní kó jáde, kó má padà wá.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta
Mi ò tíì fọwọ́ kan òkìtì náà.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta
Awakọ̀ wá. Wọ́n fi ọkọ̀ alájẹ̀ gbé aboyún kan sọdá lánàá, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú ẹ̀ dé. Tìyá tọmọ yè. Nọ́ọ̀sì ní ká má tún dán irú ẹ̀ wò láé.
Awakọ̀ wo òkìtì bíríkì. Ojú tì mí fún ìwà tí mi ò hù. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ òmíràn. Amọ̀, eérú, àfọ́kù bíríkì. Mo fi ìbínú tẹ amọ̀ náà, ó sì rọ̀ dáadáa.
Mo bẹ Ọ̀gá kí wọ́n wá wo ìpìlẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Ẹ̀yìn tó ń gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù. Ìbànújẹ́ ni. Mo mọ ẹni tó kó o bá wọn.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹta
Iná kékeré, kó lè gbẹ díẹ̀díẹ̀. Mo ní sùúrù fún amọ̀. Mi ò ní fún èèyàn.

Ẹtì, 21 Oṣù Kẹta
Mo dá a dà. Mo gbé ẹmú fúnra mi. Mo ha ìdàrọ́ kúrò lójú irin yíyọ́, mo dà á láìdúró. Mo tú yanrìn — ó mọ́, kò sí ihò kan.
Mo gbé e lé Ọ̀gá lórí itan. Wọ́n fọwọ́ wá a káàkiri, wọ́n fi èékánná kàn án, wọ́n tẹ́tí sí i. "Ó dáa." Wọn ò wò ó. Mo rò pé wọn ò fẹ́ kí n rí omijé.

Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kẹta
Ẹ́ńjìnnì fọhùn. Awakọ̀ ń jó lórí ọkọ̀. Nọ́ọ̀sì juwọ́ sí wa láti òdìkejì. Ọ̀gá ò bá wa dé etí odò.

Àìkú, 30 Oṣù Kẹta
Ẹ̀gbọ́n mi wá lọ́sàn-án yìí, ó gbé ọsàn dání. Mo fara dí géètì. Mo ti la ẹnu kí n tún bẹ̀rẹ̀, àfi bí Ọ̀gá ṣe jáde, tí wọ́n ń tọ ògiri bọ̀.
"Jẹ́ kó wọlé," wọ́n ní. "Èmi ni mo fọ́ ìléru."
Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun míì tí mo lè ṣe.
Wọ́n ní ojú àwọn ti lọ. Àwọ̀ iná, wọn ò rí i mọ́; ìyẹn ló jẹ́ kí irin gbóná jù, tó fi ní ihò. Ọjọ́ tí wọ́n da irin oníhò yẹn, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe bí ẹni máa dà á sí. Yanrìn ni mo ń wò, mi ò rí i. Ẹ̀gbọ́n mi rí i. Ó ní kí wọ́n sọ fún mi. Wọ́n kọ̀. "Tí ìléru bá wà," Ọ̀gá ní, "wàá ṣáà máa gbé ẹmú lé mi lọ́wọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé mo ti fọ́jú?" Wọ́n fọ́ ọ, wọ́n bẹ ẹ̀gbọ́n mi kó gbé ẹ̀bi náà.
"Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n kórìíra ọmọ ìyá mi," mo ní, "torí gbólóhùn kan tẹ́ ẹ ò lè sọ." Mo kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi: "Ẹ̀yin náà, kí ló dé tẹ́ ẹ gbà?" Ó ní, "Ká ní mo sọ ọ́, ṣé wàá gbà mí gbọ́?" Mi ò ní gbà á gbọ́. Ìyẹn náà tún bí mi nínú.
Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Sí ẹni tó fọ́ ọ, sí ẹni tó gbé e rù. Aboyún fẹ́rẹ̀ẹ́ bómi lọ nítorí ìtìjú.
Ọ̀gá rìn lọ sídìí ìléru tuntun, wọ́n fọwọ́ gbá a yí ká. "Ẹnu ẹ̀ fẹ̀ jù. Á máa jẹ èédú."
Mo ní bó ṣe wù mí kó rí nìyẹn. Mo ní kí wọ́n má gbé òòlù sún mọ́ ọn, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan ẹmú mọ́. Mo ní àga wà nídìí ẹwìrì, ibẹ̀ ni kí wọ́n jókòó. Ọmọ kì í bá bàbá sọ irú ẹ̀. Mo sọ ọ́, mi ò sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wo ilẹ̀.
Ọ̀gá nawọ́, wọ́n wá àga náà títí ọwọ́ wọn fi bà á, wọ́n jókòó, wọ́n di ọ̀pá ẹwìrì mú.