Oúnjẹ Ọjọ́ Méje

                                        Ilé kejì sí ilé-ìwé,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ọjà.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn yín ńkọ́, ṣé ó ti rọlẹ̀ díẹ̀? Ẹ má bínú pé mi ò tètè kọ̀wé. Ó rẹ̀ mí ni, irú àárẹ̀ tí oorun kì í mú lọ.

Ẹ rántí àrùn awọ ara mi, èyí tí dókítà pè ní sọráyásíìsì tó ní kì í ràn. Ó ti gba orí àti ìgbọ̀nwọ́ mi. Aṣọ dúdú là ń rán ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. Bí mo bá ti tẹ orí ba sórí ẹ̀rọ, èépá funfun á máa já bọ́ sórí aṣọ bí ìyẹ̀fun, èmi náà á máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a kí ọ̀gá mi tó rí i.

Gbogbo ẹni tó rí mi ló di dókítà. Ìyá ọkọ mi ní ẹyin ló fà á. Ará ilé kejì ní tòmátì ni. Ọ̀gá mi ní kí n má fẹnu kan wàrà àti búrẹ́dì. Mo gbọ́ ti gbogbo wọn. Nígbà tó fi máa pé oṣù márùn-ún, ìrẹsì funfun àti kùkúmbà ló kù fún mi. Èépá ò lọ. Èmi gan-an ni mò ń lọ. Lọ́jọ́ kan òòyì kọ́ mi, mo ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ní kí n lọ rí obìnrin kan tó mọ̀ nípa oúnjẹ. Ó ní kí n lọ kọ gbogbo ohun tí mo bá jẹ fún ọjọ́ méje wá. Nígbà tí mo mú un dé, ó kà á tán, ó tún yí ẹ̀yìn ìwé wò.

"Àǹtí, ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, mà."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ má jẹ ẹyin?"

Mo bú sẹ́kún.

Ó ní ẹ̀jẹ̀ ò tó lára mi. Ó ní kò sí oúnjẹ kan tó lè wo àrùn yìí sàn. Kí n máa jẹ ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti èso, kí n dín ṣúgà kù, kí n má sì pa ìpara dókítà tì.

Mo délé, mo se ẹyin méjì. Ìyá ọkọ mi ń wò mí bí mo ṣe ń bó ọ̀kan.

"Dókítà ló ní kí o jẹ ẹ́?"

"Wọ́n ní ebi ló ń pa mí, Ìyá."

Wọ́n wá ní, "Èmi ni mo fi ebi pa ọ́ yìí?" Wọ́n fa àwo sọ́dọ̀, wọ́n sì bó èkejì fún mi.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Èépá ṣì ń já, ó ṣì ń rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mo ti ń jẹun.

Àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,
Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.