Àbàjà Ìyá Ọ̀gá Mi

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu.

Apá tí wọ́n tún ṣe ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí mo lọ lónìí dára lóòótọ́. Iná tàn yòò, inú ibẹ̀ tutù nini. Àwòrán tí olóògbé ọ̀gá mi, tó kọ́ mi ní àwòrán yíyà, yà nípa ìyá rẹ̀ ni mo bá lọ. Ìyàwó ọ̀gá ló ní kí n ya irú rẹ̀ fún òun, kí òun gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Mo ti ya gèlè tán kí n tó rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá ń dán bí ti ọmọ ọwọ́. Wọ́n ti kun ọ̀dà bo àbàjà rẹ̀.

Mo pe ọmọbìnrin tó ń bójú tó ibẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, Abuja ni wọ́n ti tọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwọn láìnì yẹn? Àwọn tó tún un ṣe ní ọ̀dà ló sán, wọ́n sì dí i."

Mo ní ilà ojú ni.

"Kai! A ò mọ̀ o. Fọ́tò tó wà lọ́wọ́ wa, lẹ́yìn àtúnṣe la yà á. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe rí, kí wọ́n lè dá a padà?"

Mo ní kó jẹ́ kí n béèrè ná.

Ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Apo, ní Abuja, gèlè àti aṣọ ni ọ̀gá fún mi yà. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ojú. Ó ní ojú ìyá òun, òun nìkan ni yóò yà á.

Mo pe ìyàwó ọ̀gá. Ó ní ìyá ti kú kí òun tó wọlé ọkọ, ìyá kò sì ya fọ́tò kankan sílẹ̀.

Ilà mẹ́ta ni àbí mẹ́rin? Mo ti ń bi ara mi láti ọ̀sán.

Gèlè yẹn nìkan ni mo lè dijú yà.