Nítorí Fọ́ọ̀mù Ẹ̀fúùfù

Ọmọ mi ọkùnrin,

Mo ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, mi ò sì gba ìmọ̀ràn mọ́. Orí lẹ́tà gan-an ni mo kọ ìyẹn sí kí o lè kọ́kọ́ rí i. Ìmọ̀ràn ojú ewé méjì tí o fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá dé ọwọ́ mi, mo kà á, mo ká a sí mẹ́rin, mo sì fi í há abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì nínú yàrá. Tábìlì náà ti dúró ṣinṣin. O ṣeun, Ọlọ́run á máa mú ìwọ náà dúró bẹ́ẹ̀.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó jọ mí tí kì í gbọ́ràn? Iṣẹ́ ọ́fíìsì ńkọ́, ṣé àga tó ń yí po yẹn kò tíì gbé ọ ṣubú? Mo máa ń gbàdúrà nítorí àga náà, torí ohun tí kò ní ẹsẹ̀ mẹ́rin kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fara tì. O ò ní yí dànù. Ẹni tó bá ń wá àyè rẹ, tirẹ̀ ni yóò sọnù. Níbí, gbogbo wa wà dáadáa, òrùlé ẹ̀yìnkùlé kò jò mọ́, orúnkún mi ti òsì nìkan ló ń sọ̀rọ̀ bí òjò bá fẹ́ rọ̀.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ lẹ́tà yìí o. Pírínsípà ilé ìwé àdúgbò wa ní òun á bá mi kọ ọ́, mo ní rárá, ọdún méjì tí mo fi lọ sí ilé ìwé àgbà nírọ̀lẹ́ kò ní lọ lásán. Bí o bá rí ibi tí àmì kò ti sí, fi tìrẹ sí i, ìwọ lo lọ sí yunifásítì.

Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fúùfù ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. O ní ẹni tí oògùn ti di bárakú fún rí kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń fi ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́, pé kí n má jẹ̀ẹ́ kó gba iṣẹ́ kóòṣì ilé ìwé, pé bí mo bá sì fi agídí jẹ́ kó gbà á, kí n má da orúkọ rẹ pọ̀ mọ́ ọn. O kọ ọ́ bí ẹni ń kọ̀wé nípa àlejò. Bóyá àga yẹn ti yí ọ lójú. Jẹ́ kí n rán ọ létí: ọmọ àbúrò mi ni, orí ẹní kan náà lẹ jọ sùn láti ọmọ ọdún mẹ́rin, ìwọ lo sì máa ń tọ̀ sórí ẹní. Òun náà ni odindi pápá ìṣeré ń dìde fún tí wọ́n ń pariwo Ẹ̀fúùfù, Ẹ̀fúùfù, nígbà tí ìwọ ń lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ògiri tí o ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Nígbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ tí wọ́n rí fùrọ̀ adìẹ, mo wá kí ọ, mi ò rí fọ́tò lára ògiri mọ́. Mo kàn rí ibi tí gọ́ọ̀mù bó kúrò.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé kóòṣì àtijọ́ kó lọ, àwọn ọmọ ilé ìwé wá ń jìyà. Eré méje ni wọ́n pàdánù tẹ̀léra, èyí tó kẹ́yìn, ilé ìwé tí gókípà wọn ń lo awò ojú ló nà wọ́n. Pírínsípà wá sílé fúnra rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó ní kí Ẹ̀fúùfù wá gbà wọ́n. Ó mú fóònù jáde, ó fi ìdíje àṣekágbá ọjọ́sí hàn mí, èyí tí mi ò rí rí torí iná kò sí níbí lọ́jọ́ náà. Ọmọ mi, Ẹ̀fúùfù gbá góòlù mẹ́ta! Ó gbá ọ̀kan wọlé láti apá ọ̀tún, kò pẹ́ ó tún gbá irú ẹ̀ gan-an, èyí ẹ̀wẹ̀ a rí i láti ẹ̀yìn àwọ̀n, lẹ́yìn náà ó gbá ẹ̀kẹta jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni ń sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá díẹ̀díẹ̀, gókípà náà ń ṣubú díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan péré ni gbogbo yín ń sọ fún mi láti ọjọ́ yìí wá. Ìlara burú.

Fọ́ọ̀mù tí pírínsípà gbé wá tó ewé mẹ́jọ. Wọ́n béèrè fọ́tò pélébé, mo bá a lọ yà á, mo sì dúró tì í, torí ẹni tó bá dá dúró nínú fọ́tò, tí kò rẹ́rìn-ín, ó dà bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá. Wọ́n dá a padà. Wọ́n béèrè ibi tí lẹ́tà orí fóònù lè bá a, mo ní kó kọ ọ́ pé ojú fèrèsé yàrá mi, lápá ọ̀tún, ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dé. Wọ́n tún ní kó lọ tọ̀ sínú ife kékeré kan lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kí wọ́n lè mọ̀ bóyá oògùn ṣì wà lára rẹ̀. Ìyẹn bí mi nínú. Mo ní bó bá jẹ́ pé ìtọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọmọlúàbí, kí wọ́n gba tèmi náà. Nọ́ọ̀sì ní kò pọn dandan, màmá. Mi ò kúrò níbẹ̀ títí ó fi fún mi ní ife. Lọ́jọ́ kejì ó ní òun ò rí nǹkan kan nínú ti àwa méjèèjì. Inú Ẹ̀fúùfù dùn, tèmi ò dùn, èmi tí mo jẹun yó kí n tó lọ. Kí wọ́n ra ẹ̀rọ tó ríran.

Ibi kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà tí wọ́n ti béèrè bóyá ohun kan wà nínú ìgbésí ayé ẹni tó yẹ kí ilé ìwé mọ̀. Ẹ̀fúùfù fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófo. Ó ní òun á sọ ọ́ lẹ́nu bí wọ́n bá bi òun. Ó jáde lọ ro koríko pápá, èmi wá wo àyè funfun náà, mo ní ta ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè tí yóò dákẹ́? Mo mú bírò. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sí i: bí orúnkún rẹ̀ ṣe yẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fún un ní hóró oògùn kó lè máa gbá bọ́ọ̀lù lọ, bí hóró kan ṣe di mẹ́wàá, bó ṣe ta rédíò mi, bó ṣe sùn lórí aṣọ ìyàwó tí télọ̀ ń rán lọ́wọ́ tí ó sì bì sí i. Mo tún kọ ọ́ pé ọdún mẹ́rin àti oṣù méje nìyí tó ti jáwọ́, àràárọ̀ ló máa ń kan fèrèsé mi kó tó fọ ẹnu, á ní, Màmá, mo jí, mi ò fọwọ́ kàn án. Èmi á ní, ó káre, lọ fọ ẹnu. Ewé kan ò tó mi, mo lẹ òmíràn mọ́ ọn, mo tẹ̀ka sí i.

Nígbà tó gbọ́, ọjọ́ méjì ló fi bá mi yan odì. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń kan fèrèsé.

Sátidé ni ìpàdé àwọn òbí. Kíláàsì àwọn ọmọdé ni wọ́n kó wa sí, gbogbo àgbàlagbà ká orúnkún débi àgbọ̀n. Télọ̀ ni alága, ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ẹni tó máa ń fi ojú wọn èèyàn kó tó kí i. Ó ti kọ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ Ẹ̀fúùfù sínú ìwé tó ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí, ó sì gbé ìwé náà dání bí ẹni gbé kùmọ̀. Ṣùgbọ́n pírínsípà ní fọ́ọ̀mù la ó kọ́kọ́ kà. Ó kà á, ó kà á, télọ̀ ń fi pẹ́ńsù fa igi lórí ti inú ìwé tirẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí tí kò fi sí èyí tó kù. Aṣọ ìyàwó gan-an, mo ti sọ ọ́ ju bí òun ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ó wá bínú, ó ní ẹni tó gbá góòlù kan ṣoṣo láti ọdún gbọ́nhan. Mo dìde, mo ní mẹ́ta ni, mo búra. Pírínsípà fi ọwọ́ bo ẹnu.

Télọ̀ wá sọ èyí tó wúwo. Ó ní ẹni tó ti jóná rí, ṣé òun la ó gbé ìṣáná lé lọ́wọ́ kó bá wa ṣọ́ ọ? Ìyá ọmọ tó ń ṣe gókípà fún ilé ìwé wa ní kì í ṣe pé òun kórìíra rẹ̀ o, àmọ́ bó bá tún padà sídìí ẹ̀ ńkọ́, lójú àwọn ọmọ?

Ẹ̀fúùfù dìde. Ó ní òun ò lè búra fún ọdún tó ń bọ̀, àárọ̀ òní nìkan lòun lè búra fún, bí wọ́n bá sì gba òun, iwájú pírínsípà lòun á ti máa búra tòun lárààárọ̀ kí òun tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, ọjọ́ tí òun ò bá yọjú, kí wọ́n ti géètì mọ́ òun. Ó ní lọ́jọ́ tí orúnkún òun yẹ̀, àgbàlagbà mọ́kànlá ló yí òun ká, òun kà wọ́n, kò sí ọ̀kan tó ní kí òun jókòó. Gbogbo wọn ní kí òun gbé e mì kí òun padà wọlé. Ó ní ìyẹn nìkan lòun ń wá iṣẹ́ yìí fún, kí àgbàlagbà kan wà ní pápá tí yóò máa sọ fún ọmọ pé, jókòó.

Ìyá gókípà nu ojú. Télọ̀ pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń gbowó oṣù, tó sì bá a dàgbà, fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí onídùúró, kí wọ́n lè mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n máa kàn bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́. Gbogbo wọn wo mí. Mo ní ọmọ mi á fọwọ́ sí i. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n dá. Bí fọ́ọ̀mù kò bá dé, wọ́n á mú ẹlòmíràn.

Má rò pé mi ò bẹ̀rù. Àràárọ̀ ni mo máa ń jí ṣáájú rẹ̀, mo máa ń dùbúlẹ̀ tí mo ń retí kíkàn yẹn. Nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́. Àmọ́ láti ọjọ́ tó ti fọkàn sí pápá, kì í pẹ́ mọ́, fèrè kóòṣì ló tún fi ń kan fèrèsé báyìí, fèrè tó ti sán. Fi owó fèrè tuntun ránṣẹ́, àti ti òróró ìpara orúnkún mi. Má fi sí báńkì, ọmọbìnrin tó wà nídìí fèrèsé ibẹ̀ kì í kí èèyàn, mi ò sì lè gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò kí mi. Ọlọ́run á fún ọ ṣe. Ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ ò ní rìn níjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní yẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Lọ́dún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn, tíṣà bá sìgá lẹ́yìn ṣáláńgá ilé ìwé, Ẹ̀fúùfù ní tòun ni. Ẹgba méjìlá ló jẹ, wọ́n lé e sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọn ò jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ìwé títí ọdún fi parí. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fún ọ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí ìwà rere. Ẹ rò pé mi ò mọ̀. Ta ló ń fọ aṣọ ẹ̀yin méjèèjì? Àpò ṣòkòtò rẹ ni mo ti bá ìṣáná. Ó ṣì wà nínú agolo mi. Ẹ̀fúùfù kò sọ fún ẹnì kankan títí dòní, èmi náà ò kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè ṣì kù nísàlẹ̀.

Fọ́ọ̀mù náà wà nínú àpò ìwé yìí. Mo ti fi ìlà sí ibi tí o máa fọwọ́ sí.

Èmi ni, ìyá tó bí ọ. San gbèsè rẹ.